Ọ̀rọ̀ Tó Kù Lọ́wọ́ Ìyá Mi

Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ mi ní Sábẹ̀ẹ́, lọ́nà Kútọnu, níbi tí Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba. Yorùbá náà ni wọ́n ń sọ ní Iléṣà. Síbẹ̀, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Rísíká, mi ò gbọ́ ohun tí oníbàárà tó wọlé sọ. Ó ní òun ń ti ulé bọ̀, pé kí n bá òun ṣe orí òun kíá. Mo kàn ń wo ẹnu rẹ̀ ni. Ulé ni wọ́n ń pe ilé, uṣu ni wọ́n ń pe iṣu, wọ́n sì ń sọ ọ́ wàràwàrà bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Nígbà tí èmi náà lanu, ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Mo pe ọ̀kadà ní sẹ́míjáànù, bí a ṣe ń pè é nílé wa.

"Àgànyìn ni," obìnrin kan sọ. Kò fi bú mi. Ó sọ ọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé aṣọ yìí, pupa ni.

Àǹtí Rísíká jẹ́ àbúrò ìyá mi. Ó ti pẹ́ ní Iléṣà. Ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ kú sí, kò sì padà sílé mọ́. Irun ló ń dì. Òun ló ránṣẹ́ sí ìyá mi pé kí wọ́n jẹ́ kí n wá ran òun lọ́wọ́, torí pé láti kékeré ni ọwọ́ mi ti mọ irun dídì. Bàbá mi ti kú nígbà náà. Ìyá mi àti Rábì àbúrò mi nìkan ni mo fi sílẹ̀. Mo ní ọdún méjì péré ni mo fẹ́ lò. Kò sí ẹni tó kúrò nílé tí kì í sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ilé. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí fóònù, ariwo ló ń pa, àfi bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ló fẹ́ fi rin gbogbo ọ̀nà náà dé ọ̀dọ̀ mi. Á kí mi, á kí Àǹtí Rísíká, á kí àwọn tó ni ilé tí à ń gbé, á wá bi mí pé, "Ṣé o ti jẹun?" Bí mo bá ní mo ti jẹun, á bèèrè ohun tí mo jẹ. Bí mo bá sọ ọ́, á ní kò tó. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní, màá gbé fóònù sétí, màá pajú dé, màá jẹ́ kó máa sọ ọ́ lọ. Ọ̀rọ̀ àdúgbò wa, ta ló bímọ, ewúrẹ́ ta ló jẹ ẹ̀gẹ́ ta ni. Kì í ṣe ìròyìn yẹn gan-an ni mo ń fẹ́. Bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀ ni mo ń fẹ́ gbọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀, mo máa ń fi èdè ilé wa pa mọ́, kí wọ́n má baà fi mí rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń tú u sílẹ̀.

Nígbà tó yá, Ìjẹ̀ṣà wọ̀ mí lẹ́nu láìmọ̀. Mo ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ta lẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí?" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé fóònù sílẹ̀, mo jókòó, mo ń pe àwọn ọ̀rọ̀ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wò ó bóyá wọ́n ṣì pé.

Inú mi kò bàjẹ́ nígbà náà, kí n má parọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin máa ń wá dírí lọ́dọ̀ wa, wọ́n á ní èmi ni kí n ṣe tiwọn. Gbóyèga sì wà. Káfíńtà ni, ọmọ Ìwàrà. Ó wá kan àga tuntun fún ṣọ́ọ̀bù wa, lẹ́yìn tó kàn án tán, kò yéé wá. Á ní òun wá wò ó bóyá ẹsẹ̀ àga náà ń mì. Ó mú mi lọ sí Ìwàrà, ìyá rẹ̀ di ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi nígbà tí mo ń bọ̀. Ó ní bí wọ́n bá ta kòkó ọdún yẹn tán, òun á tẹ̀ lé mi lọ sí Sábẹ̀ẹ́ lọ kí ìyá mi. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù. Ó bèèrè pé ṣé ó máa ń jẹun dáadáa.

Ìgbà òjò ni àìsàn dé. Mo rò pé ibà ni. Mo lo oògùn ibà, kò lọ. Ọrùn mi le gbagidi, ìmọ́lẹ̀ ń gún mi lójú. Èyí tí mo rántí gbẹ̀yìn ni Àǹtí Rísíká tó ń fi aṣọ tútù nu ojú mi, tó ń ka Fátíà.

Nígbà tí mo lajú, ọsibítù ni mo wà. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti kó gbogbo aláìsàn tó kù jáde, torí pé ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Mo yí orí, mo rí i pé èèyàn kún wọ́ọ̀dù náà. Àǹtí Rísíká wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo ní, "Ẹ gbóhùn sókè." Mi ò gbọ́ ohun tí èmi fúnra mi sọ. Ó gbóhùn sókè, mo rí i bí iṣan ọrùn rẹ̀ ṣe yọ. Abọ́ irin kan bọ́ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì lápá ọ̀hún, gbogbo wọ́ọ̀dù ló yíjú síbẹ̀. Èmi rí i tó délẹ̀, mi ò gbọ́ ìró kankan.

Dókítà bá Àǹtí sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi. Ó fọwọ́ kan etí mi ọ̀tún, ó mi orí. Ó fọwọ́ kan etí mi òsì, ó mi orí. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì di ojú mi mú, ó sì ń wò mí títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

*

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìgbà tí mo kúrò lọ́sibítù, mo ní kí Àǹtí bá mi pe ilé. Ó kọ́kọ́ mi orí. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó tẹ nọ́ńbà, ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, ó gbé e fún mi. Mo gbé e sétí. Mo ní, "Ìyá, èmi nìyí. Mo ti jẹun. Iṣu ni mo jẹ." Mo dúró. Mo mọ̀ pé ó ń dáhùn, torí pé fóònù náà máa ń gbọ̀n díẹ̀ bó bá pariwo. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi dáadáa, mo ń wá ibi tó ti ń gbọ̀n. Mo dì í mú bẹ́ẹ̀ títí Àǹtí fi rọra gbà á lọ́wọ́ mi.

Ohùn tèmi ṣì wà, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe ń lò ó. Mò ń pariwo láàárín èèyàn, àwọn oníbàárà ń fò dìde. Ẹni tó wá dírí, kì í ṣe irun nìkan ló bá wá. Ó fẹ́ sọ ti ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ sọ ti ọ̀gá rẹ̀, ó fẹ́ kí wọ́n dá òun lóhùn. Wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀ láti iwájú, èmi ń wo àtàrí wọn láti ẹ̀yìn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n padà sọ́dọ̀ Àǹtí, èmi ń na irun àtàṣímẹ́ǹtì sílẹ̀ fún un. Tẹ́lẹ̀, Àgànyìn ni wọ́n ń pè mí. Ní báyìí, mo rí ẹnu wọn bó ṣe ká róbótó: odi.

Gbóyèga wá lẹ́ẹ̀kan. Kò jókòó. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo ojú mi, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. Mo ní kó rọra sọ ọ́, kó sọ ọ́ kí n lè máa wo ẹnu rẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún yára. Lẹ́yìn náà, ó jáde, kò sì padà wá mọ́. Mo bi Àǹtí léèrè ohun tó sọ. Ó ń di irun lọ, kò wojú mi. Títí dòní, mi ò mọ ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn bá mi sọ.

*

Oníbàárà kan ló sọ fún Àǹtí pé ní Òṣogbo, tí èèyàn bá kọjá Dàda Estate díẹ̀, ibì kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ní àléébù ara níṣẹ́. Àárọ̀ ni wọ́n ń lọ, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń padà sílé. Nígbà tí ó yé mi ohun tí Àǹtí ń fi ọwọ́ àti ojú ṣàpèjúwe, mo bínú. Mo ní mi ò yarọ, mi ò fọ́jú, mi ò sì ní lọ tọrọ báárà. Ó jẹ́ kí n bínú tán. Lọ́jọ́ Ajé, ó gbé mi sínú ọkọ̀.

Àgbàlá kan ni, igi máńgòrò méjì wà níbẹ̀. Mo rí àwọn afọ́jú tí wọ́n ń hun àga, mo rí obìnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn tó ń rán aṣọ, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ló fi ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ náà dípò ẹsẹ̀. Lábẹ́ igi kejì, àwọn kan tò yíká, ọwọ́ wọn ń fò lọ, ń fò bọ̀. Wọ́n ń jà ni mo rò. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, gbogbo èjìká ń mì. Mo dúró ń wò wọ́n. Ó pẹ́ tí mo ti rí èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ láìsí pé mo ń wá ọ̀rọ̀ náà kiri lẹ́nu wọn.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ni olùkọ́ wa. Kékeré ló ti dití. Ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí díẹ̀, irun rẹ̀ funfun. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ mi ni láti na ìka sí i: ìwọ. Ọwọ́ mi kọ̀. Nílé wa, ta ló bí ẹ dáadáa tí wàá máa na ìka sí àgbà? Mo la àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fi tọ́ka sí i bí ẹni ń gbé oúnjẹ fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó mú ìka mi, ó fi gún ara rẹ̀ láyà. Nínú èdè ọwọ́, kò sí "ẹ" tí a fi ń kí àgbà. Ojú ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀, àti bí o ṣe máa tẹ orí ba díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ tó gbéra. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Múrí. Etí rẹ̀ pé, ẹsẹ̀ ló dùn ún láti kékeré. Bàtà ló ń kọ́. Agbo ilé Mùsùlùmí kan láàárín Òṣogbo ni wọ́n bí i sí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì dití, nítorí náà ó gbọ́ èdè ọwọ́ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Òun ló ń ràn mí lọ́wọ́ níbi tí ọwọ́ Àǹtí Bọ́sẹ̀ bá yá jù fún mi. Á tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀, á gbé e síwájú mi. Faransé ni mo kà níléèwé, mi ò ka Yorùbá rí. Ìgbà àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀, mo rọra ń pe lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu mi ń mì, ọ̀rọ̀ náà sì yọ: *Ẹ má fòyà, ó máa ń rí bẹ́ẹ̀.* Yorùbá ni. Mo tún un kà. Mi ò mọ̀ pé mo lè fi ojú gbọ́ ọ.

Àwọn tí kò gbọ́ràn ní orúkọ ọwọ́ tí wọ́n fún ara wọn. Wọ́n wò mí fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó fún mi ní tèmi: ìka mẹ́ta tí wọ́n ń lọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, bí ẹni tó ń dírí. Kò sí ẹni tó bèèrè ibi tí mo ti wá kí wọ́n tó sọ mí lórúkọ. Ohùn mi tí ń tú mi fó láti ọjọ́ tí mo ti dé ilẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ láàárín wọn. Inú mi dùn sí i, ó sì tún dùn mí. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbọ́ Sábẹ̀ẹ́ lẹ́nu mi mọ́, níbo ni Sábẹ̀ẹ́ wà?

Wíìgì rírán ni mo kọ́. Ọwọ́ mi ti mọ irun tẹ́lẹ̀, àti pé ẹni tó bá fẹ́ wíìgì, kò dìgbà tí o bá a tàkúrọ̀sọ. Mo máa ń wọkọ̀ láti Iléṣà láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mi ò gbọ́ ìgbà tí kọ̀ńdọ́kítọ̀ pe ibi tí mo ti fẹ́ bọ́ sílẹ̀, ọkọ̀ gbé mi kọjá lọ jìnnà, mo jókòó sí etí títì, mo sunkún. Lẹ́yìn náà, mo fi ojú ṣàmì sí gbogbo ọ̀nà: ilé epo kan, mọ́sálásí tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, ògiri tí wọ́n kọ "Má tọ̀ síbí" sí. Ní ọjọ́ kan, a dé ibi tí mò ń bọ́ sí, mo rí i pé ẹnu kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò mì, ó ti gbàgbé láti pè é. Èmi ni mo gbá ara ọkọ̀, tí mo ní, "Ó wà o." Obìnrin méjì bá mi bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gba ọpẹ́ náà bí ẹni tó gbọ́.

*

Rábì ra fóònù tó lè gba fídíò kọ́ọ̀lù. Mo tún rí ojú ìyá mi. Ó ti rù. Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń na ọwọ́ sí ìta, ó ń gbá itan, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àdúgbò ni. Ó sọ̀rọ̀ títí. Mo wá kọ̀wé sí Rábì: "Kí ni wọ́n sọ?" Rábì kọ ọ́ padà: "Wọ́n ní wọ́n kí yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Mi ò bá Rábì bínú. Ta ló lè kọ gbogbo ohun tí ìyá wa ń sọ? Ṣùgbọ́n mo gbé e dé Òṣogbo lọ́jọ́ kejì, mo sọ ọ́ fún Àǹtí Bọ́sẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọwọ́ díẹ̀ tí mo mọ̀. Ó wò mí. Ó ní, "Ìyá rẹ ní ọwọ́ méjì, àbí kò ní?"

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìyá mi nìyẹn. Mo ṣe é, òun ṣe é, mo mi orí, ó tún un ṣe. Ó kọ́kọ́ ń tijú, ó ń wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ń wò ó. Èyí tó kọ́kọ́ mọ̀ ni jẹun: ìka márùn-ún pa pọ̀, o gbé wọn lọ sẹ́nu. Kò tíì mọ̀ ọ́n dáadáa tó ti ń fi bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà ni omi, ìka mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Sùn: o fa ọwọ́ sílẹ̀ níwájú ojú, ìka á sì pa pọ̀. Ó ń dùn mí: ìka àkọ́kọ́ ọwọ́ méjèèjì dojú kọ ara wọn. Wá: o fa ọwọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ. Ọmọ mi: o fọwọ́ sáyà, o wá fi àtẹ́lẹwọ́ pa orí ọmọ tí kò sí níbẹ̀. Èyí ló fẹ́ràn jù. Bó bá ti rí mi, á fọwọ́ sáyà. Rábì ní ó ń ṣe é fún àwọn tó wá kí i nílé, pé ó ń ní, "Èdè tí ọmọ mi ń sọ lókè òkun nìyí." Òṣogbo ló ń pè ní òkè òkun.

Kò kọ́ ju ìyẹn lọ. Mo fẹ́ kọ́ ọ ní púpọ̀ sí i, mo ní tí ọdún bá yí po, màá lọ sílé, màá jókòó tì í.

Mo ń rán wíìgì lọ́wọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí fóònù gbọ̀n lórí itan mi. Rábì ni, fídíò ni. Ó yí ojú fóònù sí ìyá mi. Orí ẹní ló wà, ojú rẹ̀ kan wálẹ̀, ẹnu rẹ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ Rábì wọlé tẹ̀ lé e: rọpárọsẹ̀ ni, láti àná, wọ́n ti gbé e dé ọsibítù, wọ́n ti gbé e padà. "Wọn ò lè sọ̀rọ̀ mọ́," ó kọ ọ́. "Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbé sókè ṣáá. A ò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹ bá wa wò ó."

Mo wò ó. Ìyá mi gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó ń gbọ̀n. Ìka mẹ́ta. Ó gbé wọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu.

Mo gbé ohùn mi tí mi ò gbọ́ mọ́ sókè. Mo ní, "Omi ni. Rábì, omi ló ń fẹ́."

Mo rí Rábì tó sáré kọjá. Mo rí ife. Ìyá mi mu, omi náà ń ṣàn sí ọrùn rẹ̀, ó sì pajú dé bí ẹni tí ara tù.

Gbogbo àwọn tó wà nínú yàrá tí mo ti ń rán wíìgì ti dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Múrí ti wá dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, èmi ni mo ń gbọ́ ti ìyá mi fún wọn. Àwọn tí etí wọn pé yí i ká ní Sábẹ̀ẹ́, adití tó wà ní Òṣogbo ló ń sọ fún wọn pé ó fẹ́ omi, pé ó fẹ́ sùn, pé kí wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè torí pé ó ń dùn ún. Ó nílò ọwọ́ méjì láti fi sọ pé ó ń dun òun, ọ̀kan sì ti kú. Ó máa ń na ìka òsì, á gbé e lọ bá ìka ọ̀tún tó dùbúlẹ̀ lórí aṣọ, á fi kàn án. Ó yé mi. Bóyá kò sí ohun tó yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ́ ọ kò tó. Ó máa ń wò mí, ọwọ́ rẹ̀ á dìde, á dúró lójú òfuurufú, kò ní mọ ibi tí yóò gbé e sí. Ó ní ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ náà kò sí lára èyí tí mo fún un. Ọwọ́ á padà sílẹ̀. Obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ títí fóònù á fi gbóná nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí ó fa ọwọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, mi ò dúró kí Rábì bèèrè. Mo ní, "Ó ní kí n wá. Sọ fún un pé mò ń bọ̀." Mo tún fi ọwọ́ sọ ọ́ fún un fúnra mi. Ó fọwọ́ sáyà. Ó gbìyànjú láti pa orí ọmọ náà, ọwọ́ kò dé ibẹ̀. Ó wá kó ìka jọ, ó gbé wọn lọ sẹ́nu. Mo ní mo ti jẹun.

*

Wọ́n ti sin ìyá mi kí n tó débẹ̀. Mùsùlùmí ni wá, a kì í fi òkú pa mọ́. Ilé kún. Wọ́n dìde sí mi, wọ́n gbá mi mọ́ra, ẹnu wọn ń mì ní etí mi. Èdè ilé wa ló yí mi ká, èyí tí mo ti ń pa mọ́ láti ọjọ́ Àìkú dé ọjọ́ Àìkú, kò sì sí èyí tó dé ọ̀dọ̀ mi nínú rẹ̀. Mo mọ gbogbo ojú wọn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá mi mọ́ra tán, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa fi mí ṣe mọ́, wọ́n á rọra yíjú sí ara wọn.

Nígbà tí èrò dín kù, Rábì mú mi wọ yàrá ìyá wa. Ó kọ̀wé sínú fóònù rẹ̀, ó fi hàn mí. Ó ní lẹ́yìn tí mo ti gbéra ní Iléṣà, tí nẹ́tíwọ̀kì kò jẹ́ kí wọ́n rí mi pè, ọwọ́ ìyá wa kò sinmi. Ohun kan náà ló ń sọ títí. Wọ́n gbé omi wá, ó yíjú. Wọ́n gbé ẹ̀kọ wá, ó yíjú. "Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ń wò mí, mi ò sì mọ̀ ọ́n."

Mo ní kó ṣe é kí n rí i.

Ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó fà á sílẹ̀ níwájú ojú, ìka pa pọ̀ díẹ̀. Sùn ni. Mo ní kó tún un ṣe. Ó tún un ṣe, ọwọ́ rẹ̀ sì wá sọ́dọ̀ àyà. Wá ni. Mo ní kó tún un ṣe. Ọwọ́ Rábì ń gbọ̀n, nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, kò jọ ìkankan nínú méjèèjì. Ó ń wo ojú mi. Mo rí i pé kò tíì sùn láti ọjọ́ náà, àti pé bí mo bá ṣe dáhùn ni yóò ṣe gbé e títí ayé.

Mo ní, "Sùn ni. Ó ní ó ti rẹ òun, òun fẹ́ sùn."

Ó jókòó sílẹ̀ lórí ẹní ìyá wa, ó fi ọwọ́ bo ojú. Mo pa orí rẹ̀ títí ó fi sùn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Rábì ní kí n dúró. Àwọn àgbà náà wí bẹ́ẹ̀, Rábì ló kọ ọ́ fún mi. Yàrá ìyá wa ṣófo, ó ní kí n máa gbé ibẹ̀. Mo rò ó. Ilé mi ni. Mo mọ ibi tí gbogbo ìkòkò wà. Ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo tó lè bá mi sọ̀rọ̀ ní Sábẹ̀ẹ́ ni wọ́n sin yẹn.

Mo padà. Lọ́jọ́ Ajé, mo bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, mo wọ àgbàlá. Àǹtí Bọ́sẹ̀ rí mi láti abẹ́ igi, ó dìde. Kò gbá mi mọ́ra. Ó jókòó síwájú mi, ó tẹ orí ba díẹ̀, ó ní, "Sọ fún mi."

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo gbé ọwọ́ mi sókè. Mo sọ ti omi, mo sọ ti ìka òsì tó ń wá ìka ọ̀tún, mo sọ ti Rábì àti ohun tí mo sọ fún un. Àwọn yòókù wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó yíká. Múrí gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ọwọ́ mi bá dúró, Àǹtí Bọ́sẹ̀ á dúró dè mí títí màá fi rí ọ̀rọ̀ náà. Ó pẹ́ kí n tó sọ ọ́ tán. Èdè tí mo fi ṣọ̀fọ̀ ìyá mi nìyẹn, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni òun gbọ́ nínú rẹ̀, nítorí tèmi ló sì ṣe kọ́ wọn.